Ọfà Tó Ń Ju Ìdí

Fóònù ni mo ń tún ṣe ní Ìsìnkàn, ní Àkúrẹ́.
Bí fóònù bá yadi, mo mọ ibi tí mo máa kọ́kọ́ fọwọ́ bà:
bátìrì, ẹnu ṣájà, wáyà tó tín-ín-rín bí irun ọmọ tuntun.
Ṣùgbọ́n ọrun tí bàbá mi fi sílẹ̀ lẹ́yìn ilẹ̀kùn
kò ní ẹnu ṣájà.

Sátidé kan, mo gbé e lọ sóko ní Ọ̀dà,
mo gbé ìtì ọ̀gẹ̀dẹ̀ ti ìdí igi kòkó,
mo ka ìṣísẹ̀ ogún, mo yíjú padà, mo fà á, mo tú u sílẹ̀.
Ọfà jáde bí ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ kẹ̀kẹ́ gígùn,
ó ju ìdí sọ́tùn-ún, ó ju ìdí sósì,
ó fẹ̀gbẹ́ gbá ọ̀gẹ̀dẹ̀, ó ṣubú.
Èkejì wọgbó.
Ẹ̀kẹta, mi ò tíì rí i dòní.

"Afẹ́fẹ́ ni," mo wí.
Ewé kòkó kan ò mì.

Bàbá Akínmúrelé wà lórí kẹ́ẹ̀gì òfìfo, ó ń fọ́ kòkó,
kò tilẹ̀ gbójú sókè:
"Afẹ́fẹ́ ò bá ẹ jà. Tú ìyẹ́ ìdí rẹ̀ kúrò."
Mo ní, ẹ gbà mí o! Èyí tó níyẹ̀ẹ́ ò lọ tààrà,
ẹ tún ní kí n tú u sí ìhòòhò?
"Ìyẹ́ laṣọ ọfà. Aṣọ ló ń bo eéwo.
Bọ́ ọ, ká rí i."

Mo fi abẹ fá a. Mo ta á.
Ó wọ ara ọ̀gẹ̀dẹ̀, ìdí lókè, orí nílẹ̀,
bí ẹni tó ń wá owó tó já bọ́ lápò.
"O fi í há ọsán lókè jù.
Sọ̀ ọ́ kalẹ̀, kó tó ìbú hóró ẹ̀pà kan."
Mo fi òwú pupa sàmì sára ọsán, mo tún un ta.
Ìdí wálẹ̀ lóòótọ́.
Ṣùgbọ́n òsì, òsì náà ló ń yà sí.

Níbẹ̀ ni iṣẹ́ ọwọ́ mi ti bá mi sọ̀rọ̀:
má tú nǹkan méjì lẹ́ẹ̀kan náà.
Ẹni tó pààrọ̀ bátìrì, tó tún pààrọ̀ ojú fóònù,
bó bá tàn, kò mọ èyí tó máa dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀.
Mi ò fọwọ́ kan òwú pupa mọ́.
Mo gbé ọ̀pá sójú oòrùn, mo di ojú kan: ó tọ́.
Mo tẹ̀ ẹ́ lórí orúnkún. Kò gbà.
Ó le gbagidi.

"Ẹn-ẹ́n," ni bàbá wí, ó sì ju ọ̀bẹ sílẹ̀.
"Ọfà gbọ́dọ̀ tẹ díẹ̀ kó tó yí igi ọrun ká.
Èyí tí kò lè tẹ̀, ẹ̀gbẹ́ ló máa bá lọ.
Ọrun bàbá rẹ ti darúgbó; ọ̀pá ọ̀dọ́mọkùnrin lo gé fún un."

Mo fi àfọ́kù ìgò ha á títí ọwọ́ fi bó.
Mo ha á, mo ta á, mo ha á.
Nígbà tí àwọn ọmọ iléèwé ń re odò, ọ̀kan lọ.
Kò mì. Kò juʼdí.
Ó wọ ọ̀gẹ̀dẹ̀ "tó!" bí ẹni tó ti mọ̀nà tẹ́lẹ̀.
Mo yọ̀ títí mo fi gbàgbé pé ebi ń pa mí.

Nígbà tí mo fẹ́ lẹ ìyẹ́ padà, bàbá gbà á lọ́wọ́ mi, ó fẹjú:
"Apá ọ̀tún ẹtù méjì, apá òsì kan!
Ta ló so àwọn yìí pọ̀? Wọn ò lè gbélé kan.
Lọ bá Fẹ́hìntọlá, ó pa ẹtù lánàá. Apá kan náà ni kó fún ẹ."

Mẹ́fà ló wà nínú apó mi báyìí.
Márùn-ún ń lọ bí mo ṣe rán wọn.
Ìkẹfà ṣì ń yà sósì. Mo ti ha á, mo ti fi iná nà án,
mo ti pààrọ̀ ìyẹ́ ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì.
Bàbá ní kí n fi dáná.
Mi ò gbà. Ó wà ní ṣọ́ọ̀bù,
láàárín àwọn fóònù tí olówó wọn ò padà wá mọ́,
bọ́wọ́ bá sì dilẹ̀, màá gbé e sójú iná,
màá di ojú kan.